Sí Olóòtú: Ẹ̀tọ́ tèmi, ọrùn ta ni ojúṣe rẹ̀ wà?

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Kíkà ni tèmi. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ méjì tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Èyí tó wà lójú ewé òfin sọ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe jẹ́ correlative (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun méjì tó so mọ́ra tàbí tó ń bára wọn rìn), ó wá fi "nítorí náà" kún un pé ẹni tí kò bá ṣe ojúṣe rẹ̀ sí àwùjọ kò ní ẹ̀tọ́ kankan tó lè bèèrè fún. Èyí tó wà lójú ewé ìlera sọ pé iye wákàtí tí ọmọ fi ń wo fóònù àti bí oorun rẹ̀ ṣe ń rí jẹ́ correlative, "èyí tó fi hàn pé" fóònù ló ń lé oorun lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì lò. Àwọn méjèèjì ló ṣì í lò, àṣìlò wọn kò sì jọra.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi jẹun. Kóòtù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń gbẹnu sọ fún ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́, kí n tó bọ́ sídìí títúmọ̀ ìwé fún àwọn onímọ̀ oríṣiríṣi. Nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, correlative máa ń yọjú níbi tí èèyàn kò ti retí rẹ̀: lónìí nínú ìwé gírámà, lọ́la nínú ìwé òfin, lọ́túnla nínú èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, mo máa ń bi í ní ìbéèrè méjì. Ta ni ẹnìkejì rẹ? Kí ló so yín pọ̀?

Ti gírámà ló rọrùn jù, ojoojúmọ́ la sì ń lò ó. Bí mo bá la ẹnu pé "yálà", etí tó ń gbọ́ mi ti ń retí "tàbí". Bí mo bá ní "bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́", ẹ ti mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" ń bọ̀ lẹ́yìn: "bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń pọ̀ sí i." "Ibi tí a kàwé dé lánàá, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀." "Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, òun ni yóò dáhùn fún un." Awẹ́ àkọ́kọ́ nínú irú gbólóhùn báyìí kò lè dá dúró, ojú awẹ́ kejì ló ń wò. Kì í sì í ṣe èdè wa nìkan ló ní wọn. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní tot àti quot: iye tó wà níhìn-ín, iye náà ló wà lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń sọ Híńdì ń fi jo bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi vo gbà á, bíi "ẹni tó... òun ni..." tiwa gẹ́lẹ́. Zamenhof tó gbé èdè Esperanto jáde ní 1887 tilẹ̀ tò wọ́n sórí tábìlì: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ márùn-ún, ìparí ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ 45 lápapọ̀. Kiu ni "ta ni", tiu ni "ẹni yẹn", neniu ni "kò sẹ́nì kankan". Kie ni "níbo", tie ni "níbẹ̀", nenie ni "kò síbì kankan". Mo fẹ́ràn tábìlì yẹn ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ, ẹ foríjì mí.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí nígbà tí ẹnìkejì bá sọnù. Nínú ìròyìn kan tí ẹ̀yin kan náà gbé jáde, mo ka gbólóhùn yìí: "Kì í ṣe pé àwọn agbẹjọ́rò náà fọwọ́ sí ìwé náà nìkan." Ó parí síbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tó kàn, mo rò pé ìyókù wà níbẹ̀, àmọ́ ìpolówó ni mo bá. Kí ni wọ́n tún ṣe? Ṣé wọ́n kà á fún oníbàárà wọn ni, àbí wọ́n gba ẹ̀dà kan lọ? "Nìkan" ti ṣèlérí ohun kan fún wa, a kò sì rí i gbà.

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí a kò lè sọ ohun tí wọ́n jẹ́ láìtọ́ka sí òmíràn. Ìlọ́po méjì kò sí láìsí ìdajì. Ọ̀gá kò sí láìsí ẹrú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àlàyé rẹ̀ ni ibi tó ti kìlọ̀ pé a gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnìkejì náà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ní ìyẹ́ jẹ́ ti ẹyẹ ti ṣì í, nítorí ohun tó ní ìyẹ́ tí kì í ṣe ẹyẹ pọ̀. Ti abìyẹ́ ni ìyẹ́ jẹ́. Èdè Gíríìkì kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ fún gbogbo nǹkan, ó sì ní kí a máa ṣẹ̀dá rẹ̀ níbi tí kò bá ti sí. (Ọ̀rọ̀ yẹn kò ni àwa lára. Abìyẹ́, abìrù, alápá, ọlọ́wọ́: ẹnu la fi ń ṣe é.) Ó tún rí i pé gbogbo wọn kọ́ ló jọ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ohun tí a lè mọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ìmọ̀ rẹ̀ tó dé.

Ibí yìí ni àwọn onílọ́jíìkì ti rí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ẹnìkan á ní gbogbo ènìyàn ni onímọtara-ẹni-nìkan. Ẹ ní ẹni tó bẹ́ sódò láti yọ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Á ní inú onítọ̀hún ló dùn sí i, tara rẹ̀ náà ló rò. Ẹ bá a sọ ọ́ títí, kò sí ìwà tí kò ní rí bá mú wọ inú rẹ̀. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó lè wà níta, kí ni ọ̀rọ̀ náà tún ń yà sọ́tọ̀? Ó ti pa ẹnìkejì rẹ̀, òkú ọ̀rọ̀ ló sì ń gbé kiri.

Mo dé orí òfin báyìí, ibi tí àpilẹ̀kọ yín ti bí mi nínú.

Ní 1913, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Amẹ́ríkà, Wesley Newcomb Hohfeld, kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà òfin ti Yunifásítì Yale. Ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni pé àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ń pe nǹkan mẹ́rin tí kò jọra ní "ẹ̀tọ́". Ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì fi ẹnìkejì tirẹ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ láyé, ẹni ọdún 39 ni nígbà tó kú ní 1918, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń kọ́ méjì-méjì rẹ̀ yẹn títí dòní.

Ẹ̀tọ́ gan-an ló fi ṣíwájú, àpẹẹrẹ tó sì lò ni ilẹ̀. Bí mo bá ní ẹ̀tọ́ pé kí o má tẹ ilẹ̀ mi, ohun tó wà lọ́dọ̀ tìrẹ ni ojúṣe pé o kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ojú aṣọ àti ẹ̀yìn aṣọ ni. Èmi dúró lápá ibí, ẹ̀tọ́ ni mò ń rí. Ìwọ dúró lápá ọ̀hún, ojúṣe ni ò ń rí. Aṣọ kan náà ni. Ẹ wá kíyè sí i pé ojúṣe yẹn kò sí lọ́rùn èmi tí mo ni ẹ̀tọ́. Ọrùn tìrẹ ló wà. Òǹkọ̀wé yín tú u kúrò lọ́rùn ẹni tó so mọ́, ó gbé e kọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lọ́rùn, ó wá ní òfin ló wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi gbèsè dán an wò. Bí mo bá yá ọ lówó, ẹ̀tọ́ mi ni kí o san án padà, ojúṣe tìrẹ sì ni. Ká ní èmi tí mo yá ọ lówó yìí jẹ́ òpùrọ́ paraku, tí mi ò san owó orí, tí aládùúgbò mi kankan kò lè bá mi ṣe. Gbèsè ọrùn rẹ kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ẹ tún fi ọmọ ọwọ́ dán an wò. Ó ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ bọ́ ọ kí wọ́n sì dáàbò bò ó. Ojúṣe wo ni òun náà ń ṣe fún ẹnikẹ́ni? Kò sí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì pé pérépéré, nítorí ọrùn àwọn òbí rẹ̀ ni ojúṣe náà wà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á na ìka sí Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948, tó sọ ní abala 29 pé olúkúlùkù ní ojúṣe sí àwùjọ. Òótọ́ ni, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúṣe tèmi sí àwùjọ, ẹ̀tọ́ tí àwùjọ ní lára mi ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tèmi, ojúṣe ẹlòmíràn sí mi ni ẹnìkejì tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣòfin pé ẹni tó bá kùnà ọ̀kan yóò pàdánù èkejì, kí a ṣe òfin náà ní gbangba, kí a jókòó jiyàn lé e lórí. Kí a má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jí i kó wọlé bí ẹni pé ó ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá.

Èkejì nínú ti Hohfeld ni mo pè ní àyè láti ṣe nǹkan, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. Mo lè jókòó sórí àga tó ṣófo ní gbàgede. Ìwọ kò ní ẹ̀tọ́ pé kí n má jókòó. Ohun tó ń bá àyè mi rìn kò ju ìyẹn lọ. Bí o bá ti wà lórí àga náà kí n tó dé, kò sí ojúṣe lọ́rùn rẹ pé kí o dìde fún mi. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo gbẹnu sọ fún ní kóòtù, ibi tí wọ́n ti ṣìnà rèé. Àyè ni wọ́n ní, wọ́n wá ń bèèrè bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́. Bí adájọ́ bá sì bi wọ́n pé, "Ta ló kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe fún ọ?", wọ́n á máa wo ojú mi bí ẹni pé mo túmọ̀ rẹ̀ kù.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun máa ta ọkọ̀ òun fún mi ní iye báyìí ti fi agbára lé mi lọ́wọ́: bí mo bá ní "mo gbà" kó tó yí ohùn padà, àdéhùn ti dé, ó sì ti mú un. Wíwà tó wà níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti lè mú un yẹn ni ẹnìkejì agbára mi. Ẹ̀kẹrin ni ààbò. Bí o bá kọ̀wé pé o ti ta ilé mi, ilé kò kúrò lọ́wọ́ mi. Ààbò tèmi ni àìlágbára tìrẹ. Àwọn kan kò sì gbà pé gbogbo ojúṣe ló ní ẹlẹ́tọ̀ọ́ lódì kejì. John Austin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ní ọ̀rúndún 19 pé àwọn ojúṣe kan dá dúró, bíi kí a má ṣe ẹranko níkà. Ìyẹn ṣì jẹ́ iyàn láàárín àwọn amòfin, n kò sì ní dá sí i.

Ojú ewé ìlera ńkọ́? Níbẹ̀, ìsopọ̀ náà dẹ̀ gan-an, òǹkọ̀wé yín ló so ó le. Francis Galton ló gbé e wọ inú ìṣirò. Ní oṣù Kejìlá 1888, ó gbé ìwé kan síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí ọkùnrin 350 ni wọ́n wọn: gíga wọn, apá láti ìgúnpá dé orí ìka àárín, gíga orúnkún, gígùn orí. Ó rí i pé ẹni tó bá ga sábà máa ń ní apá gígùn, àmọ́ kì í ṣe dandan, ó sì fi nọ́ńbà gbé "sábà" yẹn, èyí tí mo pè ní nọ́ńbà ìbárìn (correlation). Gíga àti apá, 0.8. Gíga àti orúnkún, 0.9. Gíga àti gígùn orí, 0.35 péré. Ní 1896, Karl Pearson fún un ní ìlànà ìṣirò tí a ṣì ń lò. Nọ́ńbà náà kì í kọjá 1, kì í sì í lọ sílẹ̀ ju −1 lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni pé nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an, Galton ti sọ pé ohun tó jọ ń ti méjèèjì látẹ̀yìn ló ń mú wọn bára wọn rìn. Apá gígùn kọ́ ló ń mú èèyàn ga. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ, àwọn tí bàtà wọn tóbi ni yóò mọ̀wé kà jù. Kò sí ìyá tó máa tìtorí ìyẹn ra bàtà ńlá fún ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ orí ló ń fa ẹsẹ̀ àti ìwé kíkà dání. Ọ̀rọ̀ fóònù àti oorun náà rèé. Ó lè jẹ́ pé fóònù ló ń lé oorun. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí kò rí oorun sùn ló na ọwọ́ mú fóònù láàárín òru. Ó sì lè jẹ́ pé ìdánwò ọjọ́ kejì ló ń dà á láàmú, tí kò fi sùn, tó sì ń wo fóònù kó lè gbàgbé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bí nọ́ńbà kan náà.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ lè tan ni jẹ. Ní 1973, Francis Anscombe gbé ìdì nọ́ńbà mẹ́rin kalẹ̀, àmì 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 0.816 sì ni ìbárìn gbogbo wọn. Ẹ wá yà wọ́n sórí pépà. Àmì ti àkọ́kọ́ fọ́n yí ìlà tó tọ́ ká bí a ṣe retí. Ti èkejì gòkè, ó tẹ̀, ó sì tún ń sọ̀. Ti ẹ̀kẹta tọ́ gbọnrangandan, àfi àmì kan tó sá lọ sókè. Ti ẹ̀kẹrin dúró lóòró sójú kan, àmì kan ṣoṣo tó jìnnà réré ló sì dá 0.816 náà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ya àwòrán kò ní mọ̀ láé.

Àwọn dókítà ní ọgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Nígbà tí mo ya àwòrán àyà mi, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ̀wé pé òun rí òjìji kan lókè ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún, ó wá fi kún un pé kí dókítà bá a ṣe clinical correlation. Àyà mi já, mo rò pé orúkọ àrùn ni. Ohun tó ń wí ni pé òjìji náà lè jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́, ó sì lè jẹ́ àìsàn tó ń lọ lọ́wọ́, àwòrán nìkan kò sì lè yà wọ́n. Kí dókítà tó ń tọ́jú mi wo òjìji, kó wo ikọ́, kó wo ibà àti èsì ẹ̀jẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀. Àpá àtijọ́ ni, ẹ má bẹ̀rù.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Cuvier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé ẹ̀yà ara ẹranko ń bèèrè ara wọn débi pé eyín lè sọ bí èékánná ṣe rí. Ní 1804, ó rí egungun ẹranko kékeré kan nínú òkúta Montmartre, lẹ́bàá Paris. Ó wo eyín rẹ̀, ó ní irú ẹranko tó ń gbé ọmọ sínú àpò ara ni, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ, ó sì gbẹ́ òkúta náà títí egungun tó ń gbé àpò ró fi yọ. Darwin kọ̀wé ní 1859 pé ológbò tí ojú rẹ̀ bá jẹ́ búlúù, dandan ni kó dití. Sábà ló yẹ kó pè é. Ológbò funfun olójú búlúù tó ń gbọ́ràn dáadáa wà. Èèyàn ńlá náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ti àwọn tó kù. Àwọn onímọ̀ òkúta ilẹ̀ ń fi egungun inú òkúta mọ ìpele tó bá ìpele dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí William Smith ṣe ya máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti 1815 nìyẹn. Àwọn alárìíwísí lítíréṣọ̀ gba tiwọn, objective correlative, lọ́wọ́ akéwì T. S. Eliot ní 1919: ohun tí a lè fojú rí tó máa gbé ìmọ̀lára kan jáde lọ́kàn òǹkàwé láìdárúkọ rẹ̀. Ìyẹn kò yé mi tán, mo sì fura pé kò yé àwọn tó ń lò ó jù náà tán.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Lójú ewé òfin, ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé náà sọ ẹni tí ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti dárúkọ ẹ̀tọ́. Lójú ewé ìlera, nígbà tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ tẹ nọ́ńbà ìbárìn náà síta, kí ẹ tẹ iye ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò àti ọjọ́ orí wọn, kí ẹ sì sọ bóyá àwọn olùwádìí bi àwọn ọmọ náà léèrè èyí tó ṣíwájú, àìsùn tàbí fóònù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ògbufọ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́